Màrìwò Dókítà Lérè

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ iye orílẹ̀-èdè tó wà láyé, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú lórí máàpù. Kó gun ọ̀kadà wá sí Òde-Ìrèlè, kó béèrè ilé Màmá Eunice ẹlẹ́ja, kó sì ní kí Lérè àkọ́bí rẹ̀ dárúkọ gbogbo ibi tí wọ́n ti kọ̀wé sí i pé "ó dùn wá, ṣùgbọ́n." Láti Kánádà dé Ṣáínà, láti ibi tí oòrùn kì í ti í wọ̀ dé ibi tí kì í ti í là, agbára káká ni a fi lè rí yunifásítì kan tí kò tíì dùn nítorí Lérè. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni lẹ́tà náà nígbà tí a kà á kẹ́yìn. Ó ti mọ̀ wọ́n sórí débi pé ó lè fi ohùn orin ìjọ kọ wọ́n, kí àwọn akọrin sì gbè é.

Lérè kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló fi gboyè dókítà nínú ìmọ̀ odò àti àwọn ohun tó ń gbé inú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ ìwé náà, ọdún méjì ló bá ìyanṣẹ́lódì lọ, mẹ́rin tó kù ló fi dúró kí ọ̀gá rẹ̀ ka orí kejì tán. Láti ọjọ́ tó sì ti dé fìlà onígun mẹ́rin àwọn ọ̀mọ̀wé, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń wá, èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní pósídọ́kì. Pósídọ́kì ni iṣẹ́ ìwádìí ọdún méjì tí wọ́n máa ń fún ẹni tó ti kàwé tán, kó lè máa kàwé lọ, kó má baà bọ́ sígboro lọ da ìlú rú. Kó tó rí i, kẹ́mísìrì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama aládàáni kan. Àwọn ọmọ náà mọ̀ pé dókítà ni olùkọ́ àwọn, wọ́n sì mọ iye tó ń gbà lóṣù. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi kàwé.

"Bọ̀dá mi ti jẹun tán," ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, Treasure, máa ń sọ fún àwọn tó bá wá dirun lọ́dọ̀ rẹ̀. "Ó wá ń wá ilé tí wọ́n á ti gbà á kó máa lá abọ́."

Ẹni tó bá sì fẹ́ pósídọ́kì gbọ́dọ̀ ní ìwádìí tirẹ̀ lọ́wọ́, nítorí náà ni Lérè ṣe gbójú lé odò Ùsẹ̀, odò kékeré kan lẹ́yìn Ìyánsàn, abúlé bàbá rẹ̀ tó ti kú. Igi ògùrọ̀ pọ̀ létí odò náà bí irun orí. Àbá Lérè ni pé gbòǹgbò ògùrọ̀ ń sẹ́ omi bí asẹ́, pé ibi tí gbòǹgbò náà bá pọ̀ sí, ẹja gbọ́dọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Bí èyí bá lè jẹ́ òótọ́, sáyẹ́ǹsì gbogbo ayé yóò wó, wọn yóò sì ní kí Lérè wá bá wọn tún un mọ. Ó ri ike méjìlá tí yóò máa fi gbọn omi wò sínú odò, ó fi okùn so wọ́n mọ́ èèkàn, ó kọ nọ́ńbà sí ìkọ̀ọ̀kan.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ike méjìlá di méje. Lọ́sẹ̀ kejì, ó rí ọ̀kan lórí tábìlì obìnrin kan ní Ìyánsàn, epo pupa kún inú rẹ̀ dé ọrùn, nọ́ńbà kẹrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sì ń wò ó lójú kòró. Lérè ní ike òun nìyẹn. Obìnrin náà ní òun kò bá a jiyàn, àmọ́ epo inú rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Dókítà ra epo kó tó rí ike rẹ̀ gbà.

Inú bí i. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé Ọjọ́ Ìsinmi Imọ̀ Ọ̀pẹ, láàárọ̀ kùtùkùtù, ó gé màrìwò tútù, ó so ó sẹ́nu ọ̀nà méjèèjì tó lọ sódò Ùsẹ̀. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni, ó mọ̀ pé ibi tí màrìwò bá wà, ẹsẹ̀ kì í kọjá ibẹ̀. Kò sọ fún ọba, kò sọ fún ìjòyè, kò sọ fún aládùúgbò. Ta ló tún ń tọrọ àyè lẹ́yìn tó ti gboyè dókítà?

Láti ọjọ́ náà, ike kan kò sọnù mọ́. Ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan ni Lérè máa ń gun ọ̀kadà lọ wo odò, ohun tó sì ń rí níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ́rù bà á. Lóṣù kejì, ẹja ń gbá a lẹ́sẹ̀. Lóṣù karùn-ún, àrọ̀ tó gùn tó apá ọkùnrin ń yan kiri bí alága ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, Lérè búra pé àwọn ẹpìyà ti mọ òun, pé wọ́n máa ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ wá kí òun káàárọ̀. Ó ka ẹja, ó ka ewé, ó wọn ẹrẹ̀, ó ka ọmọ ẹ̀fọn, ó ka ìgbẹ́ ìgbín. Ó tún kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé "àyíká pa rọ́rọ́." Ohun tó mú kó pa rọ́rọ́ kò sí lára ohun tó wá kà.

Nílé, Màmá Eunice ń ráhùn. Ọmọ etí òkun ni Màmá, láàárín ẹja ni wọ́n bí i sí, ẹja yíyan ló sì fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Àwọn ará Ìyánsàn ló ń gbé ẹja odò wá fún un láti ọdún gbọ́nhan.

"Lérè, ọma mi, kí ló ṣe àwọn ará Ìyánsàn? Wọn ò gbé ẹja wá mọ́. Ọjà Ìgbọ́kọ̀dá ni mò ń lọ báyìí. Lánàá ńkọ́, ẹja yìnyín ni mo rà, èmi Eunice! Tí ìyá mi bá jí láti sàréè, ó máa gbá mi létí."

"Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ díẹ̀. Ìwé nípa ẹja ni mò ń kọ."

Ó kọ ọ́ tán lóòótọ́. Ó fi hàn nínú rẹ̀ pé ẹja odò Ùsẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́rin láàárín oṣù mẹ́jọ, gbòǹgbò ògùrọ̀ ló sì fa gbogbo rẹ̀. Ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ kan gbé e jáde. Kò pẹ́, lẹ́tà kẹrìnlélọ́gọ́ta dé láti orílẹ̀-èdè kan tí òtútù rẹ̀ lè mú kí iná gbọ̀n. Kò dun àwọn wọ̀nyí rárá! Prófẹ́sọ̀ Ágnẹ́tà, ìyá àgbà nínú ìmọ̀ odò lọ́hùn-ún, fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù nípa pósídọ́kì.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Màmá Eunice fi ẹsẹ̀ lásán jó dé iwájú pẹpẹ nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó jó títí àwọn onílù fi bẹ̀ ẹ́. Wòlíì ní òun rí bàálù tó ń balẹ̀ sórí yìnyín. Àwọn ará ìjọ ti ń bi Lérè bóyá ó lè bá wọn mú ọmọ wọn dání lọ.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lórí fóònù lọ bí epo lórí iyọ̀. Treasure ta aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí òyìnbó má baà rí agbọ̀n ẹja, Lérè sì tú gbòǹgbò palẹ̀ fún wákàtí kan. Nígbà tó tán, Prófẹ́sọ̀ Ágnẹ́tà rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Dókítà Lérè, ó ku ẹyọ ohun kan. Ní Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ní aago méjìlá ọ̀sán tiyín, ẹ fi fóònù fi odò náà hàn wá. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tó ń lo odò náà bá wa sọ̀rọ̀, kí ẹ máa túmọ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá rí bí ẹ ṣe kọ ọ́, iṣẹ́ náà di tiyín."

Lọ́jọ́ kejì ni Lérè lọ bá Bàbá Benedict ní Ìyánsàn. Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ ni, àgbà ọdẹ tó tún ń dẹ ìgèrè fún ẹja. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí i.

"Bàbá, mo fẹ́ kí ẹ bá mi bá òyìnbó sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa odò Ùsẹ̀."

"Ùsẹ̀ wo? Èyí tí a ò gbọdọ̀ dé mọ́ yẹn?"

"Ta ló ní kí ẹ má dé ibẹ̀?"

Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ìwé ti bò ọ́ lójú. O ò rí màrìwò ni? Ó ku oṣù kan kó pọ́dún. Àwa ọdẹ rò pé ààfin ló so ó. Ààfin rò pé àwọn Aládùúrà ni, torí ó bọ́ sí àsìkò imọ̀ ọ̀pẹ. Wòlíì ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, pé ọwọ́ ọdẹ ló dà bí i. Kálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ."

"Ẹ ò sì béèrè?"

"Béèrè kẹ̀? Ẹni tó bá béèrè ìdí màrìwò, òun ni wọ́n máa ní kó ra ewúrẹ́ ètùtù. Ìwọ ti rí ẹni tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe ewúrẹ́ sọ́rùn?"

Lérè tún dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde, dìde," ni Bàbá wí. "O ti kí mi lẹ́ẹ̀kan."

"Bàbá, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo so màrìwò. Nítorí ike tí mo fi ń gbọn omi."

Bàbá Benedict rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó mú fìlà nílẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀, ó dé e padà. Nígbà tó gbójú sókè, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu rẹ̀.

"Ike mélòó?"

"Méjìlá, Bàbá."

"Odindi Ìyánsàn ń fi ọbẹ̀ olómi lásán jẹ púpurú fóṣù mọ́kànlá, torí ike méjìlá."

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọn kò ní kó ra ewúrẹ́. Ìdájọ́ wọn ni pé ẹni tó so ó ni yóò tú u, lójú gbogbo ìlú, ní Àbámẹ́ta. Àbámẹ́ta yẹn gan-an. Lérè bẹ̀bẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Bàbá Benedict ló wá bá a gbà á: kó kọ́kọ́ fi odò han òyìnbó ní aago méjìlá, kó sì tú màrìwò láago kan.

"Torí bàbá rẹ ni mo fi ṣe é o," ni Bàbá wí. "Òun kò kàwé tó báyìí, ó sì mọ̀ pé ènìyàn ń gbé Ìyánsàn."

Nígbà tí Lérè sọ ọ́ nílé, Màmá Eunice jókòó lé agbọ̀n ẹja láìmọ̀.

"Ìwọ? Ìwọ tí mo bí ló ti odò mọ́ mi? Gbogbo ọ̀nà Ìgbọ́kọ̀dá tí mò ń rìn, ìwọ tí mò ń bu ọbẹ̀ fún lálaalẹ́ ni!"

Treasure kò tiẹ̀ bínú. Ó ń ya irun ẹnì kan lọ́wọ́, kò gbójú sókè. "Bọ̀dá, ta ló máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ Bàbá Benedict fún òyìnbó?"

"Èmi ni."

"Ẹ ṣé. Kí ló wá ń dùn yín?"

Lérè rò ó títí. Bó bá sọ òótọ́, àbá gbòǹgbò kú, lẹ́tà "ó dùn wá" mìíràn dé, ó sì di kẹ́mísìrì títí ayé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sìn Ọlọ́run nínú aṣọ funfun ni, kò lè purọ́. Ó pinnu pé òun kò ní purọ́. Òun yóò kàn túmọ̀ ní ṣókí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta pé. Kó tó di aago mẹ́wàá, Ìyánsàn ti ṣófo, adìẹ nìkan ló kù nílé. Gbogbo ìlú ti wà lẹ́yìn màrìwò. Àwọn kan gbé àwọ̀n, àwọn kan gbé ìgèrè, àwọn kan gbé báàfù ìwẹ̀. Ọkùnrin kan tú àwọ̀n ẹ̀fọn orí ibùsùn rẹ̀ wá. Ìyàwó akọ̀wé ìjọ gbé ìkòkò ọbẹ̀ dání, ata ti wà nínú rẹ̀. Màmá Eunice ti Òde-Ìrèlè wá, òun ló wà níwájú pátápátá.

Aago méjìlá lù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Lérè gun orí òkìtì ọ̀gán, kò sí. Ó gun ìdí ògùrọ̀ kan tó ṣubú, ó na fóònù sókè bí ẹni tó ń fi ọmọ tuntun han Ọlọ́run, kò sí. Aago kan lù.

"Lérè, àsìkò tó," ni Bàbá Benedict wí.

"Bàbá, ìṣẹ́jú márùn-ún péré."

Márùn-ún di ogún. Ariwo ń ru sókè lẹ́yìn. "Ṣé ọrùn wa ló so ó mọ́ ni?" ni ẹnì kan kígbe. "Bí kò bá lè tú u, kí ìyá rẹ̀ bá a tú u!" Bàbá Benedict na ọ̀pá sí màrìwò náà. Lérè fi ọwọ́ kan di fóònù mú, ó fi ìkejì tú u. Bí kókó tó kẹ́yìn ṣe já, bẹ́ẹ̀ náà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé. Ojú Prófẹ́sọ̀ Ágnẹ́tà yọ lójú fóònù, ó funfun, ó mọ́ tónítóní.

"Dókítà Lérè! Ẹ jẹ́ ká rí odò tó pa rọ́rọ́ yẹn."

Ìyánsàn rọ́ kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé òun ti rí ogun rí, kò tíì rí ibi tí ìlú tí kò jẹ ẹja fóṣù mọ́kànlá ti pàdé ẹja. Omi fò sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má balẹ̀ mọ́. Àwọn àrọ̀ tó ń yan bí alága di ẹni tí wọ́n ń fà ní irùngbọ̀n. Àwọn arúgbó tí wọ́n ń fi ọ̀pá rìn lánàá sọ ọ̀pá nù, wọ́n tọ ẹja.

"Àwọn wo nìyẹn?" ni Prófẹ́sọ̀ béèrè.

"Ará... ará ìlú ni."

"Kí ni wọ́n ń ṣe?"

"Wọ́n ń kí odò."

Níbi tó ti ń wá bí yóò ṣe fi gbòǹgbò bọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, ìyá rẹ̀ jáde látinú omi, ìró rẹ̀ tutù dé àyà, ó gbé àrọ̀ ràgàjì kan mọ́ra bí ọmọ. Ó gbé e sójú fóònù.

"Òyìnbó, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ wo ẹja oṣù mọ́kànlá! Ẹja Ìyánsàn ti dé o!"

"Kí ni ìyá yìí sọ?"

Lérè wo ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ẹja yìnyín ti wọ ilé wọn, kò tíì rí eyín obìnrin náà. Gbogbo eyín náà ló wà níta báyìí, títí kan èyí tó ti kán. Ìtumọ̀ ní ṣókí wà lẹ́nu rẹ̀, kò jáde.

"Ó ní ẹja oṣù mọ́kànlá nìyí," ni Lérè wí. "Kò sẹ́ni tó pẹja níbí fóṣù mọ́kànlá. Kì í ṣe gbòǹgbò. Èmi ni mo so ewé kan sójú ọ̀nà kí wọ́n má baà jí ike mi, gbogbo ìlú sì bẹ̀rù ewé náà. N kò mọ̀. N kò sì béèrè."

Prófẹ́sọ̀ Ágnẹ́tà ń kọ nǹkan sílẹ̀. Lérè ń gbàdúrà pé kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò lọ. Ní gbogbo ọdún tó ti wà láyé, kò dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà dé. "Ó dùn wá" kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí gbòǹgbò lọ sinmi. Ṣùgbọ́n ewé tó lè ṣe nínú oṣù mọ́kànlá ohun tí ọkọ̀ ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ẹja lójú omi àwọn kò lè ṣe lógún ọdún, àwọn fẹ́ mọ̀ ọ́n. Wọ́n fún Lérè ní pósídọ́kì ọdún méjì: kó bá ìlú ṣe àdéhùn, kó tún so màrìwò náà, kó máa ka ẹja. Ibi iṣẹ́: Ìyánsàn.

Lérè ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó ń wá ibi tí bàálù wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará ìjọ bi í pé ìgbà wo ló ń fò, ó ní òun ti balẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó ṣe ohun gbogbo bó ti yẹ. Ó pe ìpàdé. Ààfin fọwọ́ sí i, àwọn ọdẹ fọwọ́ sí i, Wòlíì gbàdúrà sí i. Lọ́sàn-án gangan, lójú gbogbo ayé, ó so màrìwò méjì tó nípọn, ó sì gbé pátákó kan tì í, àmì yunifásítì ìlú òtútù lára rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Benedict ló bá nínú omi, ó ń dẹ ìgèrè.

"Bàbá! Màrìwò ńkọ́?"

"Mo rí i. O so ó dáadáa. Ó dára ju tàkọ́kọ́ lọ."

"Ẹ sì kọjá?"

"Lérè." Bàbá nàró, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí. "Màrìwò tí a ò mọ ẹni tó so ó ló ń dẹ́rù bani. Tìrẹ yìí, a mọ bàbá rẹ, a mọ ìyá rẹ, a mọ ike rẹ. Kí la fẹ́ máa bẹ̀rù níbẹ̀?"

Fóònù dún nínú àpò Lérè. Prófẹ́sọ̀ Ágnẹ́tà ló kọ̀wé ráńpẹ́: ọjọ́ kìíní iṣẹ́ ńkọ́, ṣé ewé náà ń ṣiṣẹ́? Ó ń rò ó bí yóò ṣe dáhùn nígbà tó gbúròó ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Màmá Eunice ni. Ó gbá màrìwò sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń ká aṣọ ẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ kọjá lábẹ́ rẹ̀, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó wọ inú odò dé orúnkún.

"Lérè, má dúró bí ère síbẹ̀ yẹn. Gbé agbọ̀n yẹn fún mi kí omi tó ru."

Ó ti fóònù bọ àpò, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́bàá pátákó, ó sì gbé agbọ̀n náà lọ fún un.